Màmá Oníwẹ̀ àti Òjòlá Ọkọ Rẹ̀

Kò sí ìyàwó Yorùbá tó bímọ ní ìlú Jos láàárín ọdún 1955 sí 1975 tí kò mọ Christianah Ọláníyan. Màmá Oníwẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí ọmọ tuntun ló ń wẹ̀. Bí aboyún bá sọ̀ kalẹ̀ lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ kedere, wọ́n á ti ránṣẹ́ sí i ní Naraguta. Á dé tòun ti kànìnkàn àti igbá òrí, á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ sínú ọpọ́n, á sì tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀.

Ẹlòmíràn a máa pa á lówe lásán pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti Christianah kì í ṣe òwe, iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni. Á fi omi gbígbóná tẹ orí ọmọ títí yóò fi rí róbótó, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè, á hán an. Nígbà tó bá wẹ̀ ẹ́ tán, á fi òrí pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á rọ ọ́ ní ẹ̀kọ títí ikùn rẹ̀ á fi yọ, á wá gbé e lé èjìká, á máa gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́ títí yóò fi gùfẹ̀. Bí ọmọ bá bì, kò sí ìjà níbẹ̀. Á tún rọ òmíràn fún un. "Ikùn tó ṣófo ló ń dẹ́rù bà mí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún àwọn ìyá ọmọ, wọn ò sì jẹ́ já a níyàn.

Òun alára bí méjì, kò sí èyí tó lo oṣù kan láyé nínú wọn. Kì í sọ ọ́, àwa náà ò ní tú u wò. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé ọwọ́ tó wẹ ọmọ ọlọ́mọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún kò rí tirẹ̀ wẹ̀ dàgbà.

Ọláníyan ọkọ rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi níbi tí àwọn òyìnbó ti ń wa kúsà ní Rayfield, kúsà tí wọ́n fi ń ṣe agolo. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó kan ń sin òjòlá kékeré nínú àpótí onígíláàsì. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé lọ́dún 1972, ó pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnìkan gba kẹ̀kẹ́, ẹnìkan gba rédíò. Ọláníyan gba ejò, nítorí òun nìkan ni kì í sá bó bá rí i.

Irú òjòlá tí kì í bu ni jẹ ni. Kò gùn ju ọ̀pá kan àtààbọ̀ lọ, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ńṣe ló máa ká ara rẹ̀ jọ róbótó, á ki orí sí àárín. Nítorí bó ṣe ń ká bẹ́ẹ̀ ni Ọláníyan ṣe sọ ọ́ ní Òṣùká. Ó gbé àpótí rẹ̀ sínú yàrá kékeré kan tó fẹ̀yìn ti ilé ìdáná. Christianah sọ lọ́jọ́ náà pé òun ò bá ejò fẹ́ ọkọ, pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ yàrá yẹn láéláé. Obìnrin náà sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún ọdún mọ́kànlá gbáko, kò wọ ibẹ̀.

Ohun tó rí láti ọ̀nà jíjìn nìyí. Ní Sátidé méjì-méjì, ọkọ rẹ̀ á ti ọ̀dọ̀ Sàláúdéènì dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta àgbàdo àti dáwà, ìyẹn ọkà bàbà, lójú pópó Naraguta, tó ń fi pàkúté mú èkúté nídìí àpò ọkà. Á wọ yàrá kékeré náà pẹ̀lú èkúté, kò ní pẹ́ tí yóò fi jáde. Á pa ilẹ̀kùn dé, á so àkísà pupa kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn náà, á dé fìlà, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Christianah, àìrìn pọ̀ ló ń jẹ ejò níyà. Jẹ́ ká jáde."

"Èmi kì í ṣe ejò. Máa lọ."

"Ilé ń fẹ́ dákẹ́ díẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ tó máa ń bí i nínú jù nìyẹn. Ohun tó ń gbọ́ ni pé ẹnu òun ti pọ̀ jù nínú ilé, pé ejò ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lé òun síta. Á yí ẹ̀yìn sí i, á gbé àtẹ ẹ̀wà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á máa ṣà á. Ọláníyan á jáde lóun nìkan, kò ní wọlé títí oòrùn á fi wọ̀. Bí Sátidé kejì bá tún pé, á tún dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lórí. Ìdáhùn kan náà ló ń gbà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1983, àyà dun Ọláníyan láàárọ̀, ó sì kú kó tó di ọ̀sán. Jos ni wọ́n sin ín sí. Ìbíkúnlé àbúrò rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì dúró títí wọ́n fi ṣe ogójì ọjọ́. Ní ọjọ́ tó fẹ́ padà, ó pe Christianah jókòó.

"Ìyàwó, o ò lè máa dá gbé níbí. Bí òtútù Jos yìí bá pa ọ́ mọ́lé, ta ni yóò mọ̀? Jẹ́ ká lọ sílé."

"Ilé wo, Bàbá Ọmọ́túndé?"

"Ilé ọkọ rẹ, ṣé òmíràn tún wà ni?"

Ìbíkúnlé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti tún yàrá kan kùn sílẹ̀ fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n Naraguta níbí ni wọ́n bí Christianah, níbí náà ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Nígbàkígbà tó bá la ẹnu, tí "haba" tàbí "to" bá já lu Yorùbá rẹ̀, àwọn ọmọ ilé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sáré pe ara wọn pé kí wọ́n wá gbọ́ Gàm̀bàrí tó fẹ́ bọ̀ọ̀dá àwọn. Ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kò wù ú kó lọ di àlejò tí kò ní padà sílé.

"Ẹ jẹ́ kí ọdún yí ná," ó wí.

"Kò burú. Ejò yẹn ńkọ́? Màá wá ẹni tó máa bá wa pa á kí n tó lọ."

Ẹnu ya Christianah fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Ẹ má pa á."

Ìbíkúnlé wò ó títí. Christianah kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí ìdí náà kò ṣeé sọ fún àna. Ohun tó kù tó ń mí nínú ilé náà, yàtọ̀ sí òun, kò ju ejò lọ.

Láti ọjọ́ ìsìnkú, Sàláúdéènì ló ń wọlé bu omi fún ejò náà. Ọjọ́ tí Ìbíkúnlé lọ, Christianah ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé àpótí náà tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Òtútù ọyẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, yàrá rẹ̀ sì ni ó tutù jù nínú ilé, ṣùgbọ́n kò ro ti òtútù. Ó fẹ́ kí nǹkan kan wà níbẹ̀ tó bá jí. Kò pẹ́ tó fi fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé kò yọ̀, kò rin. Awọ rẹ̀ gbẹ, ó sì dán.

Sàláúdéènì mú èkúté wá ní Sátidé. Christianah di ojú, ó jù ú sínú àpótí. Nígbà tó lajú, Òṣùká ti wé mọ́ ọn, ó sì rọra ń gbé e mì láti ibi orí. Ó wò ó títí ìrù èkúté fi wọlé tán. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó pẹ́ tí nǹkan kan ti jẹun níṣojú rẹ̀ tó yó. Ó tó ọdún mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ti pè é sí ìwẹ̀ ọmọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń sọ fún àwọn ìyá wẹ́wẹ́ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ìyá àgbà kankan na ọmọ wọn lápá lẹ́sẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í gbàgbé. Ó gbé omi ka iná, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò. Ó gbé Òṣùká jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ojúgun rẹ̀ méjèèjì, ó sì wẹ̀ ẹ́. Ó fi òrí pa á láti orí dé ìrù. Ó fọwọ́ rọ ibi tí ikùn rẹ̀ ti yọ síta, ó ń rọ ọ́ lọ sísàlẹ̀ bó ṣe ń ṣe fún ọmọ tí inú ń run. Lẹ́yìn náà ó gbé e lé èjìká, ó ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, ó sì ń kọ orin tó ti máa ń kọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èkúté náà ti wà nílẹ̀ àpótí, ó rin gbìndìn, òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbà símú. Ọmọ ti bì nìyẹn. Kí ni Màmá Oníwẹ̀ mọ̀ tó ń ṣe fún ọmọ tó bì? Ó ránṣẹ́ sí Sàláúdéènì kíákíá pé kó fi èkúté mìíràn ránṣẹ́, kó jẹ́ èyí tó tóbi. Òṣùká gbé e mì. Ó tún wẹ̀ ẹ́, ó tún fi òrí pa á, ó tún gbá a lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì, ó tún bì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí Kérésìmesì fi kọjá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Òṣùká jẹun, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ló bì í. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ jáde ṣóńṣó, awọ rẹ̀ ti hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bó ṣe ń rù sí i ni Christianah ń fi kún ìtọ́jú. Ó ń gbé e káàkiri ilé, ó ń fi aṣọ wé e, ó ń bi í léèrè ohun tó ń dùn ún.

Àárín oṣù kìíní ni Ìbíkúnlé padà dé. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ejò lórí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí èkúté tó rà nílẹ̀, ó sì jókòó sórí àga láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè é," ó wí nígbà tó yá. "Ẹranko yìí ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni. Bó bá kú tán, ìwọ ló kù nínú ilé yìí. Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́."

Christianah wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ẹ fún mi lóṣù kan. Tó bá tún bì lẹ́ẹ̀kan sí i, màá di ẹrù mi tẹ̀lé yín, mi ò ní jiyàn mọ́."

"Tí kò bá bì ńkọ́?"

"Ẹ ó fi mí sílẹ̀ ní Jos kí n kú síbẹ̀."

Ìbíkúnlé gbà, ó sì padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dá a lójú pé ejò náà kò ní rí òpin oṣù.

Sàláúdéènì ló gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ sí Vom, níbi tí ìjọba ń kó àwọn dókítà ẹran sí. Bó ṣe máa gbé Òṣùká débẹ̀ ló ta kókó. Ọyẹ́ ń já ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì lè fi ejò tó ń ṣàìsàn sínú agbọ̀n lásán. Nítorí náà ó fi aṣọ òtútù ọkọ rẹ̀ wé e, ó gbé e pọ̀n sẹ́yìn, ó fi ọ̀já gbà á mọ́ra, ó sì wọ mọ́tọ̀ Vom. Obìnrin kan tó jókòó tì í nawọ́ gbá ẹ̀yìn ẹrù náà pẹ́pẹ́, ó sì kí i ní Hausa bí ẹni tó ń kí ìyá àgbà.

"Kaka, sannu. Ọmọ-ọmọ yín ni?"

"Yana barci," ni Christianah dá a lóhùn, pé ó ń sùn. Ó yí ojú sí fèrèsé títí wọ́n fi dé.

Dókítà Olúkọ́lá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ dígí, ni wọ́n tọ́ka sí fún un. Nígbà tó tú ọ̀já tí ejò yọ orí, akọ̀wé tó wà ní tábìlì kejì bá ilẹ̀kùn jáde. Dókítà ò sá. Ó fọwọ́ tọ́ ikùn ejò náà, ó wo ẹnu rẹ̀, ó sì ní kí Màmá sọ bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ fún òun. Christianah sọ gbogbo rẹ̀, omi gbígbóná, òrí, ìpọ̀n, àti èkúté kejì tó ń fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ gbé dókítà. Nígbà tó wo ojú rẹ̀, ó gbé e mì.

"Màmá, kì í ṣe ọmọ. Ara ejò kò ní ooru tirẹ̀. Ooru ibi tó bá wà ló fi ń da oúnjẹ. Bí òtútù bá mú un, oúnjẹ á rà sí i nínú kó tó dà, ó di dandan kó bì í. Tí ẹ bá tún gbé e nígbà tí ikùn rẹ̀ kún, ó rò pé nǹkan fẹ́ pa òun ni. Á da ẹrù inú rẹ̀ nù kó lè rí ọ̀nà sá."

"Èmi ló fẹ́ sá fún?"

"Kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Màmá. Bó bá sì ti bì, ọ̀fun rẹ̀ bó nìyẹn, omi tó fi ń da oúnjẹ náà sì ti bá a jáde. Tí ẹ bá tún fún un lọ́jọ́ kejì, ibo ló fẹ́ fi gbà á? Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ má fún un ní nǹkan kan àfi omi. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní èkúté kékeré, ẹ gbé e síbi tó móoru, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ṣé mo lè máa bá a sọ̀rọ̀?"

"Kò ní etí bíi tiwa. Ẹsẹ̀ yín ló ń gbọ́, láti inú ilẹ̀."

Christianah ń ká ọ̀já rẹ̀. "Dókítà, ṣé ó mọ̀ mí rárá?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà bọ́ dígí rẹ̀, ó nù ún. "Ó mọ ibi tó bá gbóná," ó wí. "Ta ló ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ọkọ mi ni."

"Tó bá ti jẹun tán, kí ni bàbá máa ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń pa ilẹ̀kùn dé, á so àkísà pupa mọ́ ọn, á wá..." Ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Á wá jáde."

"Bàbá mọ iṣẹ́ gan-an," ni dókítà wí.

Nínú mọ́tọ̀ tó gbé e padà, Christianah gbé ìdìpọ̀ náà sórí ẹsẹ̀, kò fọwọ́ rọ ọ́. Ilé ń fẹ́ dákẹ́ díẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin náà fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì ju ohun tó sọ yẹn lọ. Kò lé e jáde rí. Ńṣe ló ń pè é pé kó jẹ́ káwọn jọ jáde. Ó fẹ́ ka iye Sátidé tó wà nínú ọdún mọ́kànlá, ó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó rí i pé yóò sunkún lójú èrò.

Ó dá àpótí padà sí yàrá kékeré. Ìgbà yẹn gan-an ló tó yé e ìdí tí Ọláníyan fi gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ògiri náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá ó ń wo ikùn tó ṣófo láìfi nǹkan sí i, ìyẹn sì nira fún un ju gbogbo ọ̀fọ̀ tó ti ṣe lọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Sàláúdéènì mú èkúté kan wá tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Òṣùká gbé e mì. Ọwọ́ Christianah yún un. Ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì lọ wá àkísà pupa náà. Inú àpò kóòtù tí ọkọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló ti rí i, ọkùnrin náà ti ká a dáadáa síbẹ̀. Ó so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣe gùn tó, kó gbé e nínú ilé tí kò ti gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Christianah kò gún nǹkan, kò kọrin, ó bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni kí iná ìdáná má kú. Ó ń koná, á sì jókòó sílẹ̀, á fẹ̀yìn ti ògiri tó gbóná, á fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan kí wọ́n má baà rí nǹkan ṣe. Ó mọ̀ pé ejò náà wà ní ìhà kejì ògiri, kò ju apá kan lọ sí òun. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé kò mọ òun. Ojoojúmọ́ ló ń fa imú fìrìì lẹ́nu ilẹ̀kùn bóyá òórùn náà ti dé. Àdáwà tó bá a nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ju èyí tó bá a lọ́jọ́ ìsìnkú lọ, nítorí lọ́jọ́ ìsìnkú, ilé kún.

Ìbíkúnlé dé ní ọjọ́ kẹwàá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó háyà láti Ògbómọ̀ṣọ́. Christianah ti di báàgì rẹ̀ kan sílẹ̀, torí àdéhùn ni àdéhùn. Àwọn méjèèjì jọ dúró níwájú ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló tú àkísà pupa náà.

Kò sí òórùn. Òṣùká ká jọ róbótó sí igun tó sún mọ́ ògiri ìdáná. Èkúté kò sí níbì kankan. Ní igun kejì, ìgbẹ́ wà níbẹ̀, ó dúdú, ó le, ó sì ní funfun lára. Christianah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó bó ṣe ti máa ń wo tọmọ tuntun láti mọ̀ bóyá inú ọmọ ti dá, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun alára lẹ́nu.

"Ó ti dà á," ó wí. "Bàbá Ọmọ́túndé, ẹ wò ó, ó ti dà á."

Ìbíkúnlé kò fẹ́ wò ó. Ó mí kanlẹ̀. Ó jáde lọ já àpò gààrí àti iṣu tó gbé wá nílẹ̀, ó kó wọn sínú pálọ̀, ó sì sọ fún awakọ̀ pé kó yí ọkọ̀ padà. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ìyàwó, mi ò bá ọ jà. Ta ni yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ ṣá?"

Christianah kúnlẹ̀ kí i pé kó délé ire, ó sì dúró títí tí kò fi gbọ́ ìró ọkọ̀ náà mọ́. Ó ti borí. Ó padà wọlé, ó tú báàgì rẹ̀, ó kó aṣọ rẹ̀ sípò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sátidé mìíràn tí ó fún Òṣùká lóúnjẹ, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó so àkísà mọ́ ọn. Ó fẹ́ gbé àtẹ ẹ̀wà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àtẹ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé e padà sílẹ̀. Ó wé gèlè dúdú rẹ̀, ó da ìborùn lé èjìká, ó sì bọ́ sí ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbà. Ó rọra ń rìn. Kò mọ ibi tí ọkùnrin náà ń lọ gan-an lásìkò yẹn, torí kò bi í rí. Ó kàn mọ̀ pé ọ̀nà náà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Sàláúdéènì.

Sàláúdéènì ń wọn dáwà fún oníbàárà. Nígbà tó rí i, ó fi ìwọ̀n sílẹ̀, ó wọlé, ó sì gbé àpótí ìjókòó méjì jáde, ó tò wọ́n sí abẹ́ òrùlé níwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn ti ń ta.

"Sannu, ìyàwó wa. Ẹ jókòó."

"Èmi nìkan ni, Bàbá Sherifat."

Sàláúdéènì wo àpótí méjèèjì, ojú sì tì í. "Wallahi, ọwọ́ mi ló ti mọ́ ọn lára. Ọláníyan ló máa ń ní kí n gbé méjì jáde. Ní gbogbo Sátidé tó bá ti fún ẹran rẹ̀ lóúnjẹ, á dé, á jókòó sórí ọ̀kan, á ní kí n má gbé ẹnikẹ́ni sórí èkejì. Ó ní ìyàwó òun ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó máa ń sọ ọ́ nígbà tó ń dé. Tó bá ń lọ nírọ̀lẹ́, á dá àpótí méjèèjì padà sínú ilé fúnra rẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí di Sátidé tó gbẹ̀yìn."

Christianah jókòó. Kò mọ èwo nínú àpótí méjèèjì ni ọkọ rẹ̀ ń jókòó lé, èwo ni wọ́n fi ń dúró de òun, kò sì lè bi Sàláúdéènì. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá, àwọn mìíràn kí i, wọ́n ní ó pẹ́ táwọn ti rí Màmá Oníwẹ̀, ó sì ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, oníbàárà kan tí àrẹ̀ mú fẹ́ fi ìdí lé àpótí kejì. Sàláúdéènì ti ń nawọ́ sí i láti gbé e fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Christianah wí, "ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Oníbàárà náà nàró, ó dúró ti àpò ọkà. Christianah jókòó níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀ lẹ́yìn òkè, nítorí ilé ń fẹ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí méjèèjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó dá wọn padà sínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ sílé.